Ijó Ìwòsàn fún Àwọn Tí A Fipá Bá Lò Pọ̀

Ijó ìwòsàn ni lílo ijó, mímí àti ìṣípòpadà ara láti tọ́jú ọgbẹ́ ọkàn, pàápàá èyí tí ìfipábánilòpọ̀ dá sílẹ̀. Kì í ṣe ijó ayẹyẹ, kò sì ní olùwòran. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ní í darí rẹ̀, pẹ̀lú ìtọ́jú oníṣègùn àti ìgbaninímọ̀ràn. Kò rọ́pò èyíkéyìí nínú wọn.

Ara ni wọ́n kọ́kọ́ gbógun tì, nítorí náà ni ìtọ́jú yìí ṣe ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà ìkọlù, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lè sá tàbí kígbe. Ara wọn a kú tipiri. Èyí kì í ṣe àmì pé wọ́n yọ̀ǹda, bí àwọn kan ti máa ń sọ láti dá wọn lẹ́bi. Bí ara ṣe ń dáàbò bo ẹ̀mí nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, òórùn kan tàbí ọwọ́ tí ó dédé kàn wọ́n lẹ́yìn lè dá ẹ̀rù ọjọ́ náà padà: àyà a já, èémí a há, èjìká a le. Ẹlòmíràn a máa wo ara rẹ̀ bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ náà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlù. Ènìyàn lè kọ́kọ́ máa mí nìkan, tàbí kí ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ títí yóò fi mọ̀ ọ́n lára pé òun dúró. Lẹ́yìn náà ni apá yóò nà, tí ìbàdí yóò sì yí. Òfin tí ó ṣe kókó jù ni pé a kì í fi ipá mú ẹnikẹ́ni jó, a kì í sì í fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ẹni tí wọ́n ti gba àṣẹ ara rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, láti sọ pé òun kò jó lónìí pàápàá wà lára ìwòsàn.

Marian Chace, oníjó ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ yìí; ní 1942 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ijó fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn St. Elizabeths ní Washington. Ní Íńdíà, Sohini Chakraborty dá Kolkata Sanved sílẹ̀ ní 2004, ó sì ń lo ijó fún àwọn ọmọbìnrin tí a gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń fi ènìyàn ṣòwò.

Ní Áfíríkà, àpẹẹrẹ tí a mọ̀ jù ni City of Joy, èyíinì ni Ìlú Ayọ̀, tí a ṣí ní 2011 ní Bukavu, ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Kóńgò tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Kinshasa. Ogun ti sọ ìfipábánilòpọ̀ di ohun ìjà níbẹ̀. Christine Schuler Deschryver, Eve Ensler àti Denis Mukwege ni olùdásílẹ̀ rẹ̀. Mukwege ni oníṣègùn tí ó dá ilé ìwòsàn Panzi sílẹ̀ ní 1999, tí ó sì wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2018. Nǹkan bí 90 obìnrin ní í wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n ń jó, wọ́n ń kọ́ ìwé kíkà, ẹ̀tọ́ wọn, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti bí wọn yóò ṣe gbèjà ara wọn. Ọkọ ti lé àwọn mìíràn nínú irú obìnrin bẹ́ẹ̀ jáde, ará ilé sì ti kọ àwọn kan sílẹ̀; ìdí nìyí tí jíjó láàárín ẹgbẹ́ fi ju jíjó ní yàrá lọ, nítorí ojú tì wọ́n láàárín ènìyàn, àárín ènìyàn náà ni wọ́n sì ti ń gbé orí sókè.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n ń padà sí ìletò tí ogun kò tíì kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Èrèlé 2025, àwọn ọmọ ogun M23 gba Bukavu gan-an.