Bíréèkì Tí Ń Dá Agbára Padà: Ohun Tí D, B àti Pẹ́dà Kan Ń Ṣe Nínú Ọkọ̀ Oníná Mànàmáná

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ ti gun kẹ̀kẹ́ rí yóò rántí dáínámò. Ohun kékeré kan ni, ó rí bí ìgò, ẹ̀gbẹ́ táyà ni a sì ń so ó mọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó tẹ orí rẹ̀ mọ́ táyà, iná iwájú yóò sì tàn. Ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ náà ni kẹ̀kẹ́ yóò wúwo lábẹ́ ẹni tí ń gùn ún. Iná yẹn kò jábọ́ láti ojú ọ̀run. Inú eré kẹ̀kẹ́ ni a ti ń bù ú. Ẹni tí ó bá lóye ìwúwo yẹn ti lóye ìdajì ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nípa ọkọ̀ oníná mànàmáná, èyí tí ń wọ ìlú wa díẹ̀díẹ̀, tí àwọn kan nínú yín tí ń gbé òkè òkun sì ń wà lójoojúmọ́.

Nínú ọkọ̀ elépo bẹntiróòlù, bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, páàdì yóò di dísìkì mú, eré ọkọ̀ yóò di ooru, ooru yóò sì bá afẹ́fẹ́ lọ. A ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì físíìsì pé agbára kì í parun, ìrísí rẹ̀ ni ó ń yí padà; ṣùgbọ́n ooru tí ó ti bá afẹ́fẹ́ lọ kò tún wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ti ọkọ̀ oníná mànàmáná yàtọ̀. Ẹ̀rọ tí ń yí táyà rẹ̀ ṣeé yí láti ọ̀dọ̀ táyà pẹ̀lú. Bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà ìsáré, táyà ni yóò máa yí ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ náà yóò di dáínámò, iná rẹ̀ yóò padà sínú bátìrì, ìwúwo tí a wí lẹ́ẹ̀kan yóò sì dín eré ọkọ̀ kù.

Báwo ni ohun tí ń padà ti pọ̀ tó? Ẹ jẹ́ kí a fi yúníìtì wọ̀n ọ́n, èyí kan náà tí ẹ ń rà sórí mítà ilé. Ọkọ̀ tí ó wọn kílò 1,600, tí ó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, gbé agbára eré tí kò ju yúníìtì 0.17 lọ. Bí eré náà bá jẹ́ 50, kì í ṣe ìdajì ni yóò kù bí kò ṣe ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan, bíi 0.04. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ kan náà bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tí ó ga ní mítà 100, yúníìtì 0.44 ni òkè náà ń fi lélẹ̀. A kò ní rí gbogbo rẹ̀ gbà, nítorí ẹ̀rọ, wáyà àti bátìrì yóò mú tiwọn ní ooru. Síbẹ̀, ẹ rí i pé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè àti inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, níbi tí a ti ń dúró lemọ́lemọ́, ni èrè rẹ̀ pọ̀ sí jù.

Ní ti àwọn lẹ́tà tí ó wà lára jíà, a ó fi Nissan Leaf ẹlẹ́ẹ̀kejì, tí ó jáde ní 2017, ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá wà ní D, tí a gbé ẹsẹ̀, ọkọ̀ yóò dẹwọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá wà ní B, yóò fa ara rẹ̀ sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́tìnì kẹta ni wọ́n ń pè ní e-Pedal: bí a bá gbé ẹsẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ yóò dín eré kù títí yóò fi dúró, yóò sì dúró síbẹ̀ lórí òkè láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan bíréèkì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé B ń dá agbára padà ju D lọ. Ohun tí B ń yí padà ni ìgbà tí a ń pe dáínámò àti bí a ṣe ń pè é kíkan tó. Nínú Leaf, bí a bá rọra tẹ bíréèkì nígbà tí a wà ní D, dáínámò náà ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ lò kí ó tó fi páàdì kún un. Awakọ̀ onísùúrù tí ó wà ní D lè rí gbà tó ẹni tí ó wà ní B. Ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Tesla kò rí bẹ́ẹ̀: páàdì nìkan ni pẹ́dà bíréèkì wọn ń tẹ̀, nítorí náà ìgbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà ìsáré nìkan ni agbára ń padà. Toyota Prius, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà ní Jàpáánù ní 1997, tún ní B tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì elépo ni B yẹn ń lò láti fa ọkọ̀ sẹ́yìn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lẹ́tà kan náà ni, iṣẹ́ wọn kò jọra.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí nìyí. Ìfàsẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti mọ̀ yìí lè ṣàì sí ní ọjọ́ kan. Bátìrì tí ó ti kún kò ní àyè fún iná mìíràn. Èyí tí ó tutù jù kì í gba púpọ̀. Bí táyà bá sì ń yọ̀ lórí títì tí òjò pa, kọ̀ǹpútà yóò dín in kù. Ẹ wo ẹni tí ilé rẹ̀ wà lórí òkè ní Ìbàdàn, tí ó ṣáájì ọkọ̀ kún bámú ní òru, tí ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ ní òwúrọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ bí ó ti ń ṣe lánàá, ọkọ̀ kò sì dẹwọ́ bíi ti àná. Bí ó bá ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbàgbé ibi tí pẹ́dà bíréèkì wà, ìṣẹ́jú àáyá kan péré ti tó láti kọlu ẹni iwájú. E-Pedal ti Leaf máa ń fi páàdì dí àlàfo yìí fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Chevrolet Bolt tilẹ̀ fi ètò kan sí i tí ó ń dá ṣáájì dúró kí bátìrì tó kún, nítorí àwọn tí ń gbé orí òkè gan-an. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ lè dá ṣáájì dúró ní ìdá 80 tàbí 90 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àṣà wa méjì kan tún wà tí kò bá ọkọ̀ yìí mu. Èkíní ni fífi jíà sí fíríì nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kí epo má bàa jó. Nínú Leaf, fíríì ń yọ dáínámò kúrò pátápátá: agbára kò padà, páàdì nìkan ni ó sì kù láti di ọkọ̀ mú. Èkejì ni fífi okùn fa ọkọ̀ tí ó bàjẹ́. Bí táyà tí ẹ̀rọ ń yí bá ń yí lórí ilẹ̀, ẹ̀rọ náà lè máa ṣe iná bí ọkọ̀ tilẹ̀ ti kú, ìyẹn sì lè ba nǹkan olówó ńlá jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù.

Lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ó dán, D ni àwa fara mọ́. Bí kò bá sí ìdí láti dúró, ó sàn kí ọkọ̀ máa yí lọ ju kí a gba agbára eré rẹ̀ kí a tún dá a padà fún un, nítorí àlọ àti àbọ̀ ni yóò san owó ibodè. Inú ìlú ni B àti e-Pedal ti ń sinmi ẹsẹ̀, bí awakọ̀ bá ti kọ́ láti máa gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ń gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orí gbogbo èrò ẹ̀yìn ni yóò máa mì, èébì ọmọdé kò sì ní jìnnà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀ wo dísìkì bíréèkì. Nítorí pé dáínámò ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ páàdì, páàdì ọkọ̀ wọ̀nyí máa ń pẹ́ kí ó tó jẹ tán, ṣùgbọ́n ìpẹtà ń mú dísìkì tí a kò lò, pàápàá ní ìgbà òjò. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, níbi tí kò ti sí ọkọ̀ lẹ́yìn, kí a tẹ bíréèkì náà gidi, kí páàdì lè họ ìpẹtà náà dànù.