Máàpù Ìṣúra àti Ìtàn Ihò Wúrà tí ó Sọnù: Bí a Ṣe Lè Yẹ Àrọ́bá Wò

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ni a máa ń fi òwe yìí ṣí ẹ̀kọ́ lórí ìtàn àtẹnudẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò bá wa dáhùn: bí àrọ́bá bá jẹ́ baba ìtàn, báwo ni a ó ṣe mọ ọmọ tí ó bí gan-an, kí a sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tí wọ́n kàn gbé wá sí ilé rẹ̀?

Ìbéèrè yìí dìde sí wa ní ọjọ́ kan tí a ń máàkì àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. A ti sọ ìtàn ihò wúrà kan tí ó sọnù ní Amẹ́ríkà fún wọn ní kíláàsì, a sì ní kí wọ́n kọ àròkọ lé e lórí. Ọmọ kan ya máàpù sínú ìwé rẹ̀, ó fi àmì sí ibi tí ihò náà wà, ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí máàpù ti wà, ihò náà gbọ́dọ̀ wà. Èdè rẹ̀ já gaara. Àmì ohùn rẹ̀ pé. A gbé bírò, a kò mọ iye máàkì tí a ó fún un.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí àwọn olùwádìí ṣe máa ń yẹ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wò, kí a sì fi hàn pé ọ̀nà yìí wúlò fún iṣẹ́ wa. Ìtàn ti òkèèrè ni a ó kọ́kọ́ mú, nítorí pé kì í ṣe ìtàn ìlú ẹnikẹ́ni nínú wa. A lè tú u palẹ̀ láìbí ẹnikẹ́ni nínú. Lẹ́yìn náà ni a ó padà wá sí Ilé-Ifẹ̀.

Ìtàn náà bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ ọ́

Ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona, àwọn òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Superstition. Òkúta ṣóńṣó kan, Weavers Needle, nà ró láàárín wọn. Àwọn ènìyàn ń sọ pé ìdílé kan láti Mẹ́síkò, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Peralta, wa wúrà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Pé àwọn ará Apache dènà dè wọ́n, wọ́n sì pa wọ́n. Pé ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dutchman ni ó rí ihò náà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní ó máa ń yọ́ lọ síbẹ̀, ó máa ń kó wúrà bọ̀, ó sì kú láìfi ọ̀nà han ẹnikẹ́ni, àfi ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ó sọ lórí àìsàn. Àwọn mìíràn ní òjìji òkúta ṣóńṣó yẹn máa ń bọ́ sí tòsí ihò náà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Kò sí ẹni tí ó mọ ìtàn ọdẹ nínú wa tí kò ní rí i pé ìtàn yìí dùn, àti ìdí tí ó fi dùn. Igbó ẹ̀rù wà nínú rẹ̀. Àwọn aṣọ́nà wà. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn àgbàlagbà wà. Àdììtú sì wà tí ẹni tí ó bá gbọ́n ni yóò tú u. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ka ìwé Fágúnwà tán tí ó wá bèèrè ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti wọ ọkọ̀ lọ sí òkè Superstition, àwọn kan nínú wọn kò sì padà wálé.

Ohun tí àkọsílẹ̀ fi hàn

Dutchman náà gbé ayé ní tòótọ́. Jacob Waltz ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Jámánì sì ni, kì í ṣe ará Họ́láńdì. Dutch ni àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń pe àwọn ará Jámánì nígbà náà, ọ̀rọ̀ tí ó jọ Deutsch, orúkọ tí àwọn ará Jámánì ń pe ara wọn. Àwa olùkọ́ èdè kò ní ṣe kàyéfì sí èyí; a mọ̀ bí Sierra Leone ṣe di Sàró lẹ́nu wa. Waltz di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní Los Angeles ní ọdún 1861. Kí ó tó di ọdún 1870 ó ti wà ní Arizona, ó sì ń dáko létí odò Salt ní tòsí Phoenix. Ní oṣù kejì ọdún 1891, odò náà kún àkúnya, omíyalé sì ba oko rẹ̀ jẹ́. Julia Thomas, obìnrin kan tí ó jẹ́ ìran aláwọ̀ dúdú tí ó sì ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì àti ìpápánu, ni ó ṣe ìtọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún náà.

Ní ọdún 1892, Julia Thomas àti àwọn ọmọ Petrasch, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, lọ wá ihò náà nínú ooru. Wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Ìròyìn sì sọ pé lẹ́yìn ìrìn-àjò yìí ni obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta máàpù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1895, Pierpont Bicknell kọ ìtàn náà sínú ìwé ìròyìn San Francisco Chronicle, ó sì di ohun tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí Waltz ti kú nígbà náà.

Orúkọ Peralta ńkọ́? Kò sí ìwé ìjọba kan tí ó fi hàn pé ìdílé Peralta kan wa wúrà ní òkè Superstition. Ṣùgbọ́n orúkọ náà kì í ṣe àjèjì ní Arizona láyé ìgbà náà. Ní ọdún 1883, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ James Reavis kó ìwé wá síwájú ìjọba pé ilẹ̀ tí ó tóbi lọ súà jẹ́ ogún ìdílé Peralta, àti pé òun ni ó ni ín. Ayédèrú ni àwọn ìwé náà. Òun ni ó hùmọ̀ ìdílé náà àti ìran wọn. Kóòtù da ẹjọ́ rẹ̀ nù ní ọdún 1895, wọ́n sì dá a lẹ́bi ní ọdún 1896. A kò sọ pé ọ̀dọ̀ Reavis ni ìtàn ihò wúrà ti mú orúkọ náà. Ohun tí a ń sọ ni pé olùwádìí tí ó bá rí Peralta nínú ìwé àtijọ́ kan ní Arizona gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè ọwọ́ tí ó kọ ọ́.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ náà ní ẹ̀rí láti jẹ́. Àwọn onímọ̀ nípa àpáta fi yé wa pé iná abẹ́ ilẹ̀ tí ó tú jáde láyé ọjọ́un ni ó mọ òkè Superstition, àti pé àpáta irú èyí kì í sábà ní wúrà nínú. Síbẹ̀, wọ́n rí wúrà ní Goldfield, ní ẹsẹ̀ òkè náà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, láàárín ọdún 1890 sí 1900. Nítorí náà, a kò lè sọ pé irọ́ pátápátá ni pé wúrà wà ní àgbègbè náà. Bákan náà ni a kò lè fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ihò Waltz wà.

Ẹ̀rí tí ó burú jù ni ti àwọn tí ó kú. Ní oṣù kẹfà ọdún 1931, Adolph Ruth, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dá ṣáṣá, gbé àwọn máàpù tí ọmọ rẹ̀ rí gbà ní Mẹ́síkò lọ sínú òkè náà. Oṣù kejìlá ni wọ́n tó rí agbárí rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e káàkiri, ikú rẹ̀ sì sọ ìtàn náà di ńlá. Ìwé jáde ní ọdún 1945, sinimá jáde ní ọdún 1949. Ní nǹkan bí ọdún 1949 náà ni wọ́n ní a rí àwọn òkúta tí wọ́n fín máàpù sí, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ayédèrú. Òfin fòpin sí gbígba ilẹ̀ tuntun fún ìwakùsà nínú igbó ọba náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1984. Síbẹ̀, ní oṣù keje ọdún 2010, ọkùnrin mẹ́ta láti ìpínlẹ̀ Utah tún wọ ibẹ̀ lọ nínú ooru gbígbóná. Ọdún 2011 ni wọ́n tó rí òkú wọn.

Ìbéèrè mẹ́rin

Nínú ohun tí a ti sọ yìí, a lè fa ìbéèrè mẹ́rin yọ, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè bi àrọ́bá èyíkéyìí:

(i) Ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́, nígbà wo sì ni? Bí ìtàn bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ikú ẹni tí a ń sọ ìtàn rẹ̀, ẹnu ẹlòmíràn ni a fi ń gbọ́ ọ.

(ii) Kí ni wọ́n fi kún un bí ọdún ti ń gorí ọdún? Bí a bá to àwọn ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọdún wọn, a ó rí ibi tí ohun tuntun ti wọlé.

(iii) Ta ni ó jèrè rẹ̀? Ẹni tí ó ń ta máàpù, ẹni tí ó ń ta ìwé ìròyìn àti ẹni tí ó ń wá ilẹ̀ ní ìdí tí wọn kò fi ní fẹ́ kí ìtàn kú.

(iv) Kí ni ilẹ̀ sọ? Ẹnu lè pọ̀, ṣùgbọ́n àpáta kì í yí ohùn padà nítorí ẹni tí ó ń gbọ́.

Ní ti máàpù, ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé máàpù lè ṣáájú ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ka ìwé Treasure Island, tí R. L. Stevenson kọ, ní ilé-ìwé. Ní ọdún 1881, máàpù erékùṣù kan tí kò sí níbì kankan ni wọ́n kọ́kọ́ yà láti fi ṣeré nínú ilé. Láti ara máàpù yẹn ni Stevenson ti rí ìtàn tí ó di ìwé ní ọdún 1883. Máàpù bí ìtàn. Ilẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá.

Ìgbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀

Bí a bá dúró síbi tí a dé yìí, ẹnì kan lè rò pé a ní kí a da gbogbo àrọ́bá nù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Ifẹ̀ pé Olókun, ọlọ́rọ̀, ri ọrọ̀ rẹ̀ mọ́ inú igbó kan ní ìlú náà, àti pé láti inú rẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ ti ń jáde. Àwọn ènìyàn a sì máa wa ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní ọdún 1910, ó rí orí idẹ Olókun àti àwọn ìkòkò tí dígí lẹ̀ mọ́ nínú. Dípò kí ó gbà pé àwọn baba àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà, ó ní àwọn ará Atlantis ni. Ẹ wò ó: àlejò ni ó gbé àlọ́ wá, onílé ni ó ní ìtàn.

Ní ọdún 2006, Lankton, Ige àti Rehren fi àyẹ̀wò hàn pé èròjà inú dígí Ifẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn dígí tí a mọ̀ láti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí Yúróòpù. Lẹ́yìn ọdún 2010, Abidemi Babatunde Babalola walẹ̀ ní Ìgbó Olókun. Nínú ìròyìn tí ó jáde ní ọdún 2017, ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí wọ́n rí lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí àti pàǹtírí iṣẹ́ náà. Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500 ni iṣẹ́ yìí wáyé.

Bí a bá bi àrọ́bá yìí ní ìbéèrè mẹ́rin wa, ó kógo já ní ibi tí ti Arizona ti kùnà: ilẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ó tún kọ́ wa ní ohun kan. Ibi tí ọrọ̀ wà ni àrọ́bá mọ̀. Irú ọrọ̀ tí ó jẹ́ ni ọjọ́ pípẹ́ ti bò mọ́lẹ̀. Wọn kò fi ìṣúra pamọ́ sí Ìgbó Olókun. Ibi iṣẹ́ ni ibẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀ràn ti ń fi yanrìn àti iná sọ ara wọn di ọlọ́rọ̀.

Ohun tí ó kàn wá nínú ìdánwò

Àwa olùkọ́ àti olùdánwò ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tún ara wa ṣe. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìtàn, adùn, ìlànà àti èdè ni kí a máàkì. Kò yẹ kí a bi í ní ẹ̀rí. Bí a bá ní kí ó gbé ìtàn yẹ̀ wò, ẹ̀rí ni kí a máàkì, bí ó ti wù kí èdè rẹ̀ dùn tó. Ohun tí kò dára ni kí ìbéèrè wa máa ṣe bí ẹni ń béèrè ọ̀kan, kí ìwé ìdáhùn tí a fi ń máàkì sì máa béèrè èkejì. Ó dára bákan náà kí a fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ àṣetiléwá lórí àrọ́bá àdúgbò tirẹ̀: kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà mẹ́ta, kí ó kọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti pàdé àti ibi tí ó ti yà.

Ìkádìí

Ní ti ọmọ tí ó ya máàpù, àṣìṣe náà jẹ́ tiwa. A kò sọ fún un bóyá kí ó pìtàn ni tàbí kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. A fún un ní máàkì èdè rẹ̀ ní kíkún, a sì fi àyè máàkì ẹ̀rí sílẹ̀ lófìfo. Lẹ́yìn náà a pè é sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, a bi í pé, 'Ta ni ó ya máàpù yìí?' Ó ní, 'Èmi ni, sà.' A ní, 'Kí ni o wò yà á?' Ó wo ìwé náà títí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí a jọ̀ọ́ kí a jẹ́ kí òun lọ tún un kọ.

A gbà fún un. Àrọ́bá ni baba ìtàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí baba tí ó yẹ kí inú bí bí a bá bi í léèrè orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀.