Ọ̀gágun Grant, Ẹni tí ó Ta Igi Ìdáná kí ó tó Di Ààrẹ

Púpọ̀ nínú yín ti gbọ́ orúkọ Ulysses Grant, tí ó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà láti ọdún 1869 títí di 1877. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún ìpọ́njú rẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí.

Ìpínlẹ̀ Ohio ni a bí i sí, ní ọjọ́ 27 oṣù Épírì, ọdún 1822. Aláwọ ni Jesse baba rẹ̀, bí Símónì ará Jọ́pà. Ọmọ náà kórìíra iṣẹ́ awọ. Ẹṣin ni ó fẹ́ràn. Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọkàn rẹ̀ fà sí ọmọ ẹṣin aládùúgbò wọn kan. Baba rẹ̀ ní kí ó kọ́kọ́ ná an ní dọ́là 20. Bí ẹlẹ́ṣin bá kọ̀, kí ó fi 2½ lé e. Bí ó bá tún kọ̀, kí ó san 25. Nígbà tí ọmọ náà dé ibẹ̀, ó ka gbogbo ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ sílẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́! Ẹ̀yin ìyá tí ń ná ọjà mọ iye tí ó san. Àwọn ọmọ ìlú fi í ṣe ẹlẹ́yà pẹ́ títí.

Ní 1839 ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní West Point. Hiram Ulysses ni a sọ ọ́, ṣùgbọ́n aṣòfin tí ó fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ ṣèèṣì kọ Ulysses S., èyí sì lẹ̀ mọ́ ọn títí di ọjọ́ ikú. Ó jà ní Mẹ́síkò, ó sì gbé Julia Dent níyàwó ní 1848. Lẹ́yìn náà a rán an lọ sí etí òkun ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ó jìnnà sí aya àti ọmọ. Ìbànújẹ́ mú un, wọ́n ní ó ń mutí, ó sì fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ ní 1854.

Ìgbà náà ni òṣì dé. Ó roko lẹ́bàá ìlú St. Louis, oko kò gbè é. Ó ń la igi ìdáná, ó sì ń kó o lọ tà ní ìgboro. Nígbà tí Kérésìmesì 1857 kù sí dẹ̀dẹ̀, ó fi aago wúrà rẹ̀ dógò gba dọ́là 22. Síbẹ̀ ó ní ẹrú kan, William Jones. Àbùkù ni èyí, àwa kò ní bò ó. Bí ó bá tà á, owó rẹ̀ ìbá tu ilé náà lára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Máàṣì 1859 ó lọ sí kóòtù, ó sì dá a sílẹ̀ lómìnira.

Inú ṣọ́ọ̀bù awọ baba rẹ̀ ni ogun abẹ́lé 1861 bá a. Wọ́n fi í ṣe kọ́nẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì rán an lọ kọlu Harris, ọ̀gágun ọ̀tá kan, ní Missouri. Bí wọ́n ti ń gun òkè lọ, àyà rẹ̀ ń já. Ìbá ti padà, ṣùgbọ́n kò ní ìgboyà láti pàṣẹ pé kí wọ́n dúró. Nígbà tí wọ́n dé òkè, àgọ́ ti ṣófo: Harris ti lọ! Ìgbà náà ni ó mọ̀ pé bí òun ti ń bẹ̀rù Harris, bẹ́ẹ̀ ni Harris ń bẹ̀rù òun. Kò gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Ó gba Vicksburg ní ọjọ́ 4 oṣù Júláì 1863, Lincoln sì fi í ṣe olórí gbogbo ọmọ ogun ní 1864. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ṣàn lọ́dún náà. Àwọn kan pè é ní apààyàn.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Épírì 1865, Ọ̀gágun Lee túúbá fún un ní Appomattox. Grant fún àwọn ọmọ ogun Lee tí ebi ń pa ní oúnjẹ, ó sì ní kí àwọn tí ó ní ẹṣin mú un lọ sílé fi túlẹ̀ oko wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yin ìbọn ayọ̀, ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n dákẹ́.