Fádà ní Ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Nílé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré lè gbà mí lọ́jọ́ mẹ́ta. Ti ọ̀sẹ̀ yìí ni "Fádà". Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan náà pe àlùfáà àti ẹni tó bí wa. Àwọn Àgùdà yá a fún àlùfáà, wọ́n sì fi "bàbá" sílẹ̀ fún tilé. Mo fura pé ọ̀pọ̀ bàbá pín iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà: Fádà ló ni àdúrà, àwọn ló ni owó ilé ìwé.

Ìtàn ò gbè wọ́n. Ní 1863 ni Fádà Borghero bẹ Èkó wò. 1868 ni àlùfáà tó wá dúró síbẹ̀ dé. Kó tó dìgbà náà, ọkùnrin kan tó ti ṣe ẹrú rí, Pàdírè Àǹtóníò, ló ń kó àwọn tó ti Brazil bọ̀ jọ fún àdúrà, tó ń sàmì fún ọmọ wọn. Kò joyè àlùfáà o! Potogí náà ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, "padre" fún àlùfáà, "pai" fún bàbá ọmọ. Síbẹ̀ "padre" ni wọ́n ń pe ẹni tí kò joyè yìí.

Ní 1981, Póòpù John Paul Kejì kọ ọ́ sínú ìwé Familiaris Consortio pé ilé tí bàbá ò sí máa ń dàrú, ilé tí bàbá ti ń fi agbára tẹ ìyàwó lórí ba náà sì ń dàrú. Ó rọrùn láti kọ. Ṣùgbọ́n bàbá tó ń wa tírélà ní Àpápá, tí gosiló mú mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, báwo ni yóò ṣe bá ọmọ kúnlẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan dàgbà sí Ajégúnlẹ̀. Ìlàjẹ ni bàbá rẹ̀, èbúté Àpápá ló ti ṣiṣẹ́. Píjìn ni gbogbo àdúgbò ń sọ, òun náà ń sọ ọ́. Àmọ́ alẹ́ tí bàbá bá tètè dé, rosárì dọwọ́ nìyẹn, Ìlàjẹ ni wọ́n fi ń gbà á. Ó ní ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá yẹn lòun fi mọ òǹkà èdè bàbá òun. Ìyá ló ń mú wọn lọ sí Mísà lọ́jọ́ Sunday, kò sì yéé mú wọn lọ. Ohùn bàbá ló kù létí rẹ̀.

Ó pè mí láti London lóṣù tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ ní kó gba àdúrà náà fóun, ó dé ìdajì, ó gbàgbé. Mo ní, "Bàbá yín ńkọ́?" Ó ní wọ́n wà. Mo ní kó pa fóònù tèmi, kó pè wọ́n.