Fọ́tò Oko Lórí Fíìmù Dúdú-àti-Funfun

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Nígbà tí ìwé ẹ̀yáwó bá dé iwájú ìgbìmọ̀, kì í ṣe gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ni ó lè dé oko ẹni tí ó ń tọrọ owó. Fọ́tò ni í gbé oko náà wá sí ìpàdé. Fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò báyìí, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa ṣì ní kámẹ́rà onífíìmù, wọ́n sì fẹ́ràn fíìmù dúdú-àti-funfun, nítorí pé bí a bá fọ̀ ọ́ dáadáa tí a sì tọ́jú rẹ̀, kì í tètè ṣá. Àwọn ni a ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìwà fíìmù yìí lè ya oko tí ó dára kí ó jọ igbó lójú ìgbìmọ̀, kí wọ́n sì fi owó du olóko.

Ohun kìíní ni pé fíìmù yìí kò mọ àwọ̀; bí nǹkan ti mọ́lẹ̀ tó nìkan ni ó mọ̀. Ata tí ó pọ́n a máa hàn kedere lójú wa láàárín ewé, ṣùgbọ́n lórí fíìmù, ata àti ewé lè di àwọ̀ eérú kan náà, tí a kò fi ní mọ̀ pé ata so. Ojú ọ̀run náà a máa funfun jù, tí ìkuukùu kò ní hàn. Gíláàsì aláwọ̀ tí a ń dé mọ́ ojú kámẹ́rà ni àtúnṣe rẹ̀. Aláwọ̀ ìyeyè yóò mú ojú ọ̀run dúdú díẹ̀, ìkuukùu yóò sì yọ. Aláwọ̀ ewé yóò mú kí ewé mọ́lẹ̀, ata pupa yóò sì dúdú láàárín rẹ̀. Aláwọ̀ pupa yóò ṣe òdìkejì. Ṣùgbọ́n gíláàsì ń jẹ ìmọ́lẹ̀: aláwọ̀ ìyeyè sábà máa ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po 2, aláwọ̀ pupa lè fẹ́ ìlọ́po 8. Bí kámẹ́rà yín kò bá fi ara rẹ̀ wọn ìmọ́lẹ̀, ẹ rántí èyí.

Ohun kejì ni àkókò. Bí oòrùn bá wà ní àtàrí, òjìji ebè a sá pamọ́, ilẹ̀ a sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé a kò kọ ebè kankan. Láàárín aago 7 sí 9 òwúrọ̀, tàbí lẹ́yìn aago 4 ìrọ̀lẹ́, oòrùn a máa wá láti ẹ̀gbẹ́. Ebè kọ̀ọ̀kan a ní ojú tí ó mọ́lẹ̀ àti ẹ̀yìn tí ó ṣókùnkùn, a ó sì lè kà wọ́n. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa bo ọ̀nà jíjìn, nítorí náà ẹ sún mọ́ ohun tí ẹ fẹ́ yà. Ẹ jẹ́ kí olóko dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bí ó ti ga tó, kí pèrègún ààlà sì wà nínú àwòrán.

Ohun kẹta, tí ó ju méjèèjì lọ, ni òtítọ́. Ìtàn kan láti Amẹ́ríkà bá èyí mu, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó àgbẹ̀ ni òun náà. Ní 1935, ìjọba wọn dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tí ìṣẹ́ àti ọ̀dá ti dè mọ́lẹ̀. Ní 1937 ni orúkọ rẹ̀ di Farm Security Administration. Ó ń yá àgbẹ̀ lówó. Roy Stryker ni ó ń darí àwọn ayàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ń ya oko àti àwọn ará oko kí aráàlú lè rí ìdí tí owó náà fi ń jáde. Ní 1936, Arthur Rothstein rí agbárí màlúù kan lórí ilẹ̀ tí ó ti sán ní South Dakota. Ó yà á, ó gbé e kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10, ó sì tún yà á. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé inú ìwé ìròyìn, àwọn tí ó tako ìjọba kígbe pé ẹ̀tàn ni. Ọ̀dá wà lóòótọ́, ìyà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbárí kan ṣoṣo sọ ẹ̀rí di àríyànjiyàn.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kó kòkó aládùúgbò mọ́ ti yín nítorí fọ́tò. Bí koríko bá wà lóko, ẹ jẹ́ kí ó hàn. Owó tí a ó fi ro oko náà wà lára ohun tí ènìyàn lè yá.

Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ olóko, ọjọ́, àti ibi tí ẹ dúró sí sẹ́yìn fọ́tò. Ẹ fi fíìmù fúnra rẹ̀ sínú àpòòwé, níbi tí ó tutù tí ó sì gbẹ. Ẹ má sọ ọ́ nù nítorí pé fọ́tò ti wà lọ́wọ́ yín. Fíìmù dúdú-àti-funfun tí ó wà nínú àkójọ àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn lé ní 170,000. Láti 1944 ni ó ti wà ní Library of Congress, a sì ń rí fọ́tò tẹ̀ jáde láti ara wọn títí di òní.

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ so fọ́tò mọ́ ìwé ẹ̀yáwó. Ní ìdúnta ọdún tí ń bọ̀, ẹ padà sí ibi kan náà, ní aago kan náà, kí ẹ tún yà á. Nígbà tí a bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò rí ohun tí owó wọn ṣe.