Rédíò Yín Tanná Ṣùgbọ́n Kò Gbọ́ Nǹkan? Ẹ Fi Irin Sódà Sílẹ̀ Ná

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kọ́ ni mo ti pèsè sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan lára yín ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ àná, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò gbọdọ̀ dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní òun ti to rédíò QCX òun tán. Ó tanná, ojú rẹ̀ ń kọ nọ́ńbà, 7.030 ló wà níbẹ̀ gedegbe. Ṣùgbọ́n tó bá fi íápíìsì sétí, ariwo ṣíìì lásán ló ń gbọ́, kò sí ẹyọ Morse kan ṣoṣo. Ó ti wá pinnu pé IC tó ń gba àmì wọlé ló jóná, pé òun máa yọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yọ ọ́.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, QCX jẹ́ rédíò kékeré tó ń gbọ́ tó sì ń ránṣẹ́. Ẹ ó ra ẹ̀yà ara rẹ̀ nínú àpò, ẹ ó sì fi ọwọ́ ara yín tò ó. Hans Summers, tí orúkọ rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ ń jẹ́ G0UPL, ló ṣe é, àwọn ọ̀dọ́ tó pé jọ sí àgọ́ YOTA ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2017 ló sì kọ́kọ́ tò ó. Morse nìkan ló ń sọ, agbára rẹ̀ ò sì ju bíi wáàtì 5 lọ. Ìyẹn là ń pè ní QRP: tó bá ti jẹ́ Morse, láti wáàtì 5 sísàlẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń rẹ́rìn-ín. Wáàtì 5, gílóòbù tó wà ní pálọ̀ ẹlòmíì ju bẹ́ẹ̀ lọ! Òótọ́ ni. Àwọn tó ń lo 100 wáàtì fi ìlọ́po 20 jù wá lọ. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n S tá a fi ń mọ bí àmì ṣe lágbára tó kì í ka agbára bí a ṣe ń ka owó. Kí àmì tó gun àkàsọ̀ kan, agbára gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 5 dé 20, àkàsọ̀ kan nìyẹn. Láti 20 dé 80, ìkejì. Nítorí náà, ibi tí wọ́n bá ti ń gbọ́ ẹni tó ní 100 wáàtì ní S7, wọ́n á gbọ́ yín ní nǹkan bíi S5. Ìyẹn tó Morse í kà dáadáa, bí ariwo ò bá bò ó.

Ẹ jẹ́ n padà sórí IC yẹn.

QCX àkọ́kọ́ tí èmi náà tò, bó ṣe ṣe gan-an nìyẹn. Ó tanná, ó ń ṣe ṣíìì, kò gbọ́ nǹkan. Mo jókòó, mo ro ó, mo ní FST3253 ni, ìyẹn IC tó ń po àmì tó wọlé pọ̀ mọ́ ti inú rédíò. Ẹsẹ̀ 16 ló ní, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ pánẹ́ẹ̀lì láti ilé iṣẹ́ wá, kí n tó ra rédíò náà rárá. Èmi fi irin sódà ńlá àti abẹ́rẹ́ ìránṣọ yọ ọ́. Ó kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà bàbà méjì bá a lọ. Mo ra òmíràn, mo fi wáyà tó tín-ín-rín bí irun orí di ojú ọ̀nà tó ṣí, alẹ́ méjì gbáko. Mo tan án. Ṣíìì.

Mo gbé e lọ bá bàbá kan tó ń ṣe rédíònìkì ní Mọ́kọ́lá. Bàbá ò mọ Morse, kò tíì rí irú rédíò bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n dojú pánẹ́ẹ̀lì dé, wọ́n gba mítà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ibì kan, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Wáyà yìí ò kan ara wọn.” Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. IC tí mo fà tu yẹn, kò sí ohun tó ṣe é.

Wáyà tá a fi ń wé òrùka inú rédíò yìí, bàbà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi fáníìṣì bò ó kí ìwé kan má baà kan èkejì. Lẹ́ẹ̀dì kì í mú fáníìṣì. Ohun tó ń tanni jẹ ni pé yóò yí i ká, yóò máa dán, ojú yóò sọ pé ó ti mú. Òrùka tí wọ́n ń pè ní T1 nínú QCX, ìwé mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, igun wáyà mẹ́jọ nìyẹn. Ọ̀kan nínú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń gbé àmì láti antẹ́nà wọlé. Tí ẹyọ igun kan ò bá mú níbẹ̀, bí ẹni dí rédíò létí ni. Gbogbo nǹkan yòókù á máa ṣiṣẹ́: iná, bọ́tìnì, ohùn. Ṣíìì tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ariwo inú ara rédíò fúnra rẹ̀ ni.

Ohun tí ẹ ó ṣe rèé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ yọ bátìrì. Ẹ gbé mítà sí ibi tó máa ń dún, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìwé kọ̀ọ̀kan. Ojú lẹ́ẹ̀dì tó wà lórí pánẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ kàn o, ẹ má kan ṣóńṣó wáyà. Ibi tẹ́ ẹ ti gé wáyà, bàbà hàn níbẹ̀, mítà á dún, á sì parọ́ fún yín. Èyí tí kò bá dún, ẹ fi irin sódà tó gbóná dáadáa àti lẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, kí ẹ mú un dúró fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Èéfín á jáde, ẹ gbé imú kúrò. Tí kò bá gbà, ẹ yọ igun yẹn nìkan, kí ẹ fi abẹ kékeré há a títí bàbà á fi pọ́n yí ká. Èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé iná mọ́, kí n tó wọ wáyà sínú ihò rárá ni mo ti ń há a.

Tí ẹ bá fẹ́ tan án padà, ẹ fi mítà sáàárín bátìrì àti rédíò, kí ẹ wo iná tó ń gbà. Tó bá ń gbọ́ nìkan, ó yẹ kó wà ní àyíká 100 mílíámpù sí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá rí 500, ẹ pa á kíá.

Lẹ́yìn náà, títún un ṣe. QCX ní àmì ìdánwò tirẹ̀ nínú, ẹ kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹ yí kapásítọ̀ kékeré yẹn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo ọ̀pá tó ń ga lójú rẹ̀. Ẹ má lo irin. Orín ni mo gbẹ́ fi ṣe tèmi. Tẹ́ ẹ bá yí i ká tán, ó yẹ kí ọ̀pá ga jù lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, níbi tí kapásítọ̀ ti tóbi jù, ìwé T1 kéré, ẹ fi kún un. Níbi tó ti kéré jù, ẹ yọ díẹ̀. Inú ihò òrùka la ti ń ka ìwé: ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wáyà bá gba ibẹ̀ kọjá, ìwé kan nìyẹn. Púpọ̀ nínú wa ló ń fi ẹyọ kan ṣìrò níbẹ̀.

Ẹ má tíì tẹ kọ́kọ́rọ́ Morse tí nǹkan kan ò bá sí lẹ́nu antẹ́nà. Tíránsísítọ̀ BS170 mẹ́ta ló ń ránṣẹ́ jáde níbẹ̀, wọn ò tóbi ju èso àgbàdo lọ, wọ́n sì lè jóná. Ẹ ra rẹsístọ̀ 1,000 ómù ogún, onílàjì wáàtì, ẹ dì wọ́n pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn: 50 ómù nìyẹn, ó sì lè gbé wáàtì 10. Ẹ gba dáyóòdù 1N4148 kan kọjá sínú kapásítọ̀ kékeré, kí ẹ fi mítà wọn fóólùtì tó wà níbẹ̀. Ẹ fi fóólùtì náà lọ́po ara rẹ̀, kí ẹ fi 100 pín in. Tó bá jẹ́ 20, 400 nìyẹn, wáàtì 4. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ẹ tú u.

Ẹ ó ṣe gbogbo ìyẹn láìjẹ́ pé ohùn yín dé orí afẹ́fẹ́. Orí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ìwé àṣẹ àti orúkọ, 5N fún Nàìjíríà, TY fún Benin, 5V fún Togo. Tẹ́ ẹ bá ti ní in, wáyà tó gùn tó mítà 20, tẹ́ ẹ gé sí méjì ní àárín, á tó fún 7.030. Ẹ pa ínfátà, ẹ bẹ aládùúgbò kó pa tiẹ̀ fún wákàtí kan tó bá ṣeé ṣe, nítorí ariwo rẹ̀ ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ nínú rédíò. Ìrọ̀lẹ́ ló dáa, tí oòrùn bá ń wọ̀, àmì á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jìnnà. Tí àrá bá wà nítòsí, ẹ yọ antẹ́nà, ẹ lọ jẹun. Ẹ pe CQ, kí ẹ wo Reverse Beacon Network lórí fóònù. Àwọn rédíò tó ń dá gbọ́ kiri ayé á kọ orúkọ yín síbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe gbọ́ yín tó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí tèmi níbẹ̀, IC tí mo fi wáyà tín-ín-rín dì ṣì wà nínú rẹ̀, mo ké débi pé wọ́n sáré wá láti ilé ìdáná.

Ẹ̀gbọ́n, igun mẹ́jọ ni. Ẹ ka gbogbo ohun tí mítà bá sọ sínú ohùn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí Sátidé tó pé.