Kọ̀ǹpútà Àgbélétan Tó Ti Gbó Tí Kò Gbọ́ Wi-Fi Mọ́: Ẹ Má Tíì Gbé E Jù Nù

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kan àpò olúkúlùkù wa. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àgbélétan ni, èyí tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, tí ó ṣì ń kọ̀wé, tí ó ṣì ń ṣírò, ṣùgbọ́n tí ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní gbọ́ Wi-Fi mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà tì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí wọ́n sì lọ jẹ gbèsè ra òmíràn. Ohun tí a fẹ́ fi hàn yín ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ náà kò kú. A kò tíì mọ ohun tí ń ṣe é ni.

Ohun tí ojú wa rí ni ó mú wa kọ èyí. Ọ̀rẹ́ wa kan jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Òun ni wọ́n fi ṣe alábòójútó ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni gbogbo ìforúkọsílẹ̀ náà wà. Orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àwòrán àwọn ọmọ náà wà nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tí ilé-ẹ̀kọ́ rà, èyí tí a ṣe ní nǹkan bí ọdún 2010. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìforúkọsílẹ̀ parí ni kọ̀ǹpútà náà kò rí Wi-Fi ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Fóònù àwọn olùkọ́ ń rí i, kọ̀ǹpútà tuntun tí ó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ń rí i. Òun nìkan ni kò rí i. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Onítọ̀hún kò tilẹ̀ tú u wò tí ó fi sọ pé káàdì Wi-Fi inú rẹ̀ ti jóná, pé ẹ̀rọ náà ti dàgbà jù, kí wọ́n lọ ra tuntun.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni a kọ́kọ́ bi í, pé kí ni ó yí padà ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ó ní wọn kò fọwọ́ kan ohunkóhun lára kọ̀ǹpútà yìí, àfi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra rútà tuntun ní ọjọ́ Ajé. Níbẹ̀ ni a ti rí ojú okùn náà mú.

OHUN TÍ WI-FI JẸ́

Àwọn baba wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń bá wa sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n a kò lè dá a lóhùn. Rédíò ni Wi-Fi náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òun ń gba èsì. Rútà ń sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà ń dáhùn, ìgbì inú afẹ́fẹ́ ni ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí ẹni méjì tó lè gbọ́ ara wọn yé, ó yẹ kí wọ́n pàdé ní ojú ọ̀nà kan náà, kí wọ́n gbọ́ èdè kan náà, kí wọ́n sì ní àdéhùn kan náà tí ẹni kẹta kò fi ní í gbọ́ àṣírí wọn. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ ni yóò kù.

Ní ti ojú ọ̀nà, méjì ni ó wọ́pọ̀ jùlọ. Èkíní ni ti gígáhẹ́ẹ̀tìsì 2.4, èyí ni pé ìgbì náà ń mì ní ìgbà bílíọ̀nù 2.4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkejì ni ti gígáhẹ́ẹ̀tìsì 5. Ti àkọ́kọ́ ń rìn jìnnà, ó sì ń la ògiri kọjá ju èkejì lọ. Èkejì yá ju u lọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ rẹ̀ é. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò mọ̀ ju ọ̀nà àkọ́kọ́ lọ.

Ní ti èdè, ọdún 1997 ni a kọ́kọ́ fi òfin Wi-Fi lélẹ̀. Èyí tí ó jáde ní 1999 tí a fi b dá mọ̀ ń gbé mẹ́gábíìtì 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti 2003 tí a fi g dá mọ̀ ń gbé 54. Ti 2009 tí a fi n dá mọ̀ tún yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òmíràn sì ti tẹ̀ lé wọn láti ìgbà náà. Àwọn rútà tuntun a sábà máa gbọ́ èdè àwọn àgbà, àfi bí ẹni tí ó tò ó bá pa á lẹ́nu mọ́.

Ní ti àdéhùn àṣírí, WEP ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2001 àwọn onímọ̀ ti fi hàn gbangba pé kò le. WPA dé ní 2003, WPA2 ní 2004, WPA3 sì dé ní 2018. Kọ̀ǹpútà tí a ṣe ní 2010 mọ WPA2 dáadáa. WPA3 kò tíì sí nígbà tí a bí i.

Nígbà tí a wọ inú ètò rútà tuntun náà ní ọjọ́ kejì, a rí i pé ẹni tí ó tò ó ti pa ọ̀nà 2.4, ó sì ti pàṣẹ pé WPA3 nìkan ni kí ó gbà. Ó ṣe é fún àwọn ẹ̀rọ tuntun, kò rántí àgbà tí ó wà nílé. A ṣí ọ̀nà 2.4, a sì fi àyè sílẹ̀ fún WPA2. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí orúkọ Wi-Fi náà fi yọ lójú kọ̀ǹpútà tí a ti sọ pé ó ti kú.

AAGO TÍ Ń PURỌ́

Ayọ̀ wa kò pẹ́. Kọ̀ǹpútà so mọ́ rútà, ṣùgbọ́n ojú-ewé ìforúkọsílẹ̀ kò ṣí. Ìkìlọ̀ ni ó ń kọ síbẹ̀ pé ibi tí a ń lọ kò ní ààbò. A wo igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà níbi tí aago wà, a rí i pé ó ń ka ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009. Ìdí ọ̀ràn nìyẹn. Ojú-ewé tí ó ní ààbò máa ń gbé ìwé ẹ̀rí jáde, ìwé ẹ̀rí náà sì ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Lójú kọ̀ǹpútà tí ó rò pé 2009 ni a wà, ìwé tí a kọ ní ọdún yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ayédèrú ni.

A tún ọjọ́ àti àkókò ṣe, ojú-ewé náà sì ṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pa ẹ̀rọ náà tí a sì yọ ọ́ kúrò lára iná, aago tún padà sí 2009. Bátìrì kékeré pẹlẹbẹ tí ó dà bí owó ẹyọ, tí ń bá aago ká àkókò nígbà tí ẹ̀rọ bá sùn, ni ó ti tán. Nínú púpọ̀ kọ̀ǹpútà, CR2032 ni orúkọ rẹ̀, irú rẹ̀ kan náà ni a sì ń fi sínú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké mìíràn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀ǹpútà tuntun. Kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí, ọ̀rẹ́ wa ti fi orúkọ gbogbo àwọn ọmọ náà ránṣẹ́. Kò ku ẹnìkan sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé aago nìkan kọ́ ni ó lè fa irú èyí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ẹ̀rí àgbà tí ọ̀pọ̀ ojú-ewé ayé gbára lé parí, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí a kò ti ń fún ní àtúnṣe kò sì lè ṣí ọ̀pọ̀ ibi mọ́. Bí Wi-Fi bá so, tí aago sì tọ̀nà, ẹ gbìyànjú Firefox, nítorí pé òun ń gbé àkójọ ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ kiri.

ÌGBÉSẸ̀ TÍ Ẹ LÈ GBÉ FÚNRA YÍN

Ìsàlẹ̀ ni a ti ń gun igi. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó rọrùn jùlọ.

Èkíní, ẹ wo etí kọ̀ǹpútà náà yíká. Púpọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ ní bọ́tìnì kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ tàbí níwájú tí a fi ń pa Wi-Fi, aṣọ tàbí àpò sì lè tì í láìmọ̀. Àwọn mìíràn ń lo Fn pẹ̀lú bọ́tìnì tí a ya òpó rédíò tàbí ọkọ̀ òfuurufú sí. Ẹni tí ń lo Linux lè kọ rfkill list láti mọ̀ bóyá a ti dí i.

Èkejì, ẹ fi fóònù dán an wò. Ẹ jẹ́ kí fóònù pín íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí ọ̀nà 2.4, kí ẹ sì wò ó bóyá kọ̀ǹpútà yóò rí i. Bí ó bá rí i tí ó sì so, káàdì inú rẹ̀ wà láàyè. Ọ̀dọ̀ rútà ni kí ẹ ti wá ẹ̀sùn náà. Ìdánwò yìí nìkan ìbá ti gba ọ̀rẹ́ wa lọ́wọ́ ìdálẹ́bi tí kò ní ẹ̀rí.

Ẹ̀kẹta, bí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ èyí tí a ṣe fún Amẹ́ríkà, ẹ wo ìkànnì rútà. Láàárín 2.4, rútà lè yan ìkànnì 1 títí dé 13, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà Amẹ́ríkà kì í gbọ́ ju 11 lọ. Ẹ fi rútà sí 1, 6 tàbí 11.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá so tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí ó gbàgbé Wi-Fi náà, kí ẹ sì tún ọ̀rọ̀ aṣínà kọ. Nínú Windows, ẹ kọ ipconfig. Bí àdírẹ́sì tí ó yọ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé rútà kò fún un ní àdírẹ́sì, òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ẹ pa rútà, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún un tan.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wo driver, èyí tí í ṣe ògbufọ̀ láàárín káàdì Wi-Fi àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Bí ògbufọ̀ bá ṣìwà hù, ọba àti àlejò kò ní gbọ́ ara wọn yé. Ẹ yọ ọ́ nínú Device Manager, kí ẹ sì tún ẹ̀rọ náà tan; bí kò bá padà, ẹ fi kọ̀ǹpútà mìíràn gba a láti ojú-ewé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ yín. Níbẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń pa káàdì láti fi ṣọ́ bátìrì jẹ. Bí Wi-Fi yín bá ń já lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ mú àmì kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá jókòó ti rútà nìkan ni ó ń gbọ́, ẹ fura sí okùn eriali. Okùn tín-ín-rín méjì ni, ó gba ìdí ojú kọ̀ǹpútà kọjá wá sára káàdì, ó sì lè já tàbí yọ nígbà tí ibi tí ojú náà ti ń ṣẹ́ po bá ti bàjẹ́. Kí ẹ tó tú ìdí ẹ̀rọ, ẹ yọ iná, ẹ yọ bátìrì, ẹ sì rọra ṣe é. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí gbogbo èyí bá kùnà, káàdì náà lè ti kú lóòótọ́. Síbẹ̀, bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Wi-Fi kékeré tí a ń kì bọ ojú USB wà lọ́jà; okùn íntánẹ́ẹ̀tì wà fún ẹ̀rọ tí ó ní ojú rẹ̀; okùn fóònù tí a fi ń gba iná sára lè gbé íntánẹ́ẹ̀tì fóònù wọ inú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Ẹ má ṣe sáré ra káàdì inú, nítorí pé àwọn kọ̀ǹpútà kan kì í gba káàdì tí ilé-iṣẹ́ wọn kò fi ọwọ́ sí.

ÌKÌLỌ̀ KAN

A kò ní tan yín jẹ. Àtúnṣe ààbò fún Windows XP parí ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014, ti Windows 7 ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020, ti Windows 10 sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó bá ń lo irú wọn kò gbọ́dọ̀ fi ṣe ọ̀rọ̀ owó ilé ìfowópamọ́. Linux fúyẹ́, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè sọ kọ̀ǹpútà tí ó ti gbó di ohun èlò tí ó dára fún kíláàsì.

Ẹ̀yin ọmọ ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ yìí tóbi ju Wi-Fi lọ. Ní 1988, a rí bí a ṣe kó pàǹtí olóró láti Ítálì wá sí Koko, ní ibi tí ó jẹ́ Ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Inú bí wa, ó sì yẹ kí ó bí wa. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí a fi owó ara wa rà, tí a sì jù sí ààtàn kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, pàǹtí ni òun náà. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, èéfín rẹ̀ kò sì mọ ọmọ onílé yàtọ̀ sí ọmọ àlejò. A gba òmìnira ní 1960. Orílẹ̀-èdè tí kò lè tún ohun tí ó ń lò ṣe yóò máa padà lọ tọrọ lọ́dọ̀ ẹni tí ó ṣe é.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ yín bá tún dákẹ́, ẹ pe àwọn ọmọ jọ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bèèrè ohun tí ó yí padà, kí wọ́n fi fóònù dán an wò, kí wọ́n wo aago. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.